Àlàfo inú erùpẹ̀: bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè fi ìgò, agolo àti omi yẹ ilẹ̀ wò

Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan níbi tí koríko ti ń hù dáadáa. Nǹkan bí ìdajì ohun tó wà lọ́wọ́ yín yẹn kì í ṣe erùpẹ̀. Omi ni, àti afẹ́fẹ́. Nínú ilẹ̀ tó dára, èérún òkúta máa ń tó ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun ẹlẹ́mìí tó ti kú tó sì ń jẹrà máa ń tó ìdá 5, omi àti afẹ́fẹ́ á wá pín ìdá 50 tó kù. Bí òjò bá rọ̀, omi á lé afẹ́fẹ́ jáde. Bí ọ̀dá bá dé, afẹ́fẹ́ á gba àyè rẹ̀ padà. Àlàfo tí àwọn méjèèjì ń gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́ yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbé, ibẹ̀ náà ni omi òjò ń gbà wọlẹ̀ dípò kó di àgbàrá. Ìwé ẹ̀kọ́ sábà máa ń fi òkúta sí orí kan, omi sí orí kejì, ohun ẹlẹ́mìí sí orí kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ ò sì ní mọ̀ pé inú àlàfo kan náà ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín ṣe àwọn iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ máa rí i.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dí ojú ọgbẹ́ tó bá wà lára yín, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn ipá wà nínú erùpẹ̀, ojú ọgbẹ́ ló sì ń bá wọ ara.

Ihò kan, kí ẹ tó bu erùpẹ̀

Ẹ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò tó jìn tó 40 cm, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dúró ṣánṣán bí ògiri. Ẹ fi ọ̀bẹ há ògiri náà díẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ tòótọ́ lè hàn, torí ojú ṣọ́bìrì máa ń ra gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìpele òkè máa ń dúdú nítorí ewé àti gbòǹgbò tó ti jẹrà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, bí erùpẹ̀ bá pupa tàbí tó pọ́n bí ọsàn, irin tó wà nínú rẹ̀ ló ti dógùn-ún, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ń dé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ eérú tó fẹ́ jọ búlúù, tí àmì pupa wà káàkiri ara rẹ̀, omi ló máa ń dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, afẹ́fẹ́ ò sì rí ọ̀nà wọlé. Ẹ kọ jíjìn ìpele kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àwọ̀ yìí nìkan ti sọ fún yín bóyá àlàfo ibẹ̀ ń mí tàbí kò mí.

Ní 1883, Vasily Dokuchaev, onímọ̀ ilẹ̀ ará Rọ́ṣíà, kọ ọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe òkúta tó kàn fọ́ lásán, pé ó ní bí ó ṣe ń di ohun tó jẹ́. Ní 1941, Hans Jenny, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ilẹ̀, ka ohun márùn-ún tó ń ṣe é: òkúta ìpìlẹ̀, ojú ọjọ́, ohun ẹlẹ́mìí, bí ilẹ̀ ṣe da gẹ̀rẹ́ tàbí tẹ́jú, àti àkókò. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún iṣẹ́ yín ni pé orí òkè kékeré kan àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè ní erùpẹ̀ tó yàtọ̀ síra, bí wọn ò tilẹ̀ jìnnà síra wọn. Ẹ bu níbi méjì, ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Ìdánwò ìgò

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ṣe jù lọ, torí òun ni gbogbo ìyókù fẹ̀yìn tì. Èérún ilẹ̀ pín sí mẹ́ta: iyanrìn, tó tóbi láti 2 mm dé 0.05 mm, sílítì, tó wà láàárín 0.05 mm sí 0.002 mm, tó máa ń kúná lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun. Àti amọ̀, tí kò tó 0.002 mm, tí ojú lásán ò lè rí hóró rẹ̀ kan.

Ẹ wá ìgò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ láti òkè dé ìdí, tó ń gba omi bíi lítà kan. Ìgò tí ìdí rẹ̀ kéré ju ẹnu lọ ò dára: iyanrìn tó bọ́ sídìí rẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìṣirò yín á sì yẹ̀. Ẹ sá erùpẹ̀ náà títí yóò fi gbẹ, ẹ ṣa ewé àti gbòǹgbò kúrò, ẹ fi ọwọ́ fọ́ ògúlùtu inú rẹ̀, kí ẹ sì fi asẹ́ ojú 2 mm sẹ́ ẹ. Ohun tí kò bá kọjá nínú asẹ́ ti di òkúta wẹẹrẹ, kò sí lára iṣẹ́ yìí.

Ẹ da erùpẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò. Ẹ bu omi lé e títí yóò fi ku nǹkan bí 3 cm kí ó kún. Ẹ fi ṣíbí kékeré kan ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí kì í hó púpọ̀ sí i. Iṣẹ́ ọṣẹ ni láti ya àwọn hóró amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ra kúrò lára wọn. Láìsí i, wọ́n á dì ní wóró-wóró, wọ́n á sì bọ́ sílẹ̀ bíi pé iyanrìn ni wọ́n. Ẹ dé ìgò náà pa, ẹ mì ín jìgìjìgì fún 10 ìṣẹ́jú gbáko. Ọwọ́ á ro yín. Ẹ gbà á fún ara yín ní ìkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì tó tẹ́jú, ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Bí ìṣẹ́jú 1 bá pé, ẹ fi bírò fa ìlà sára ìgò níbi tí ohun tó ti silẹ̀ gùn dé: iyanrìn nìyẹn. Bí wákàtí 2 bá pé, ẹ fa ìlà kejì: sílítì ti kún un. Lẹ́yìn wákàtí 48, ẹ fa ìkẹta: amọ̀ ti dé.

Kí nìdí tí wọn kò fi jọ bọ́ pọ̀? Ní 1851, George Gabriel Stokes, onímọ̀ ìṣirò àti físíìsì, fi hàn pé bí hóró kan bá fi ìlọ́po méjì kéré ju èkejì lọ nínú omi, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò fi lọ́ra jù ú. Hóró tó jẹ́ 0.05 mm máa ń gba nǹkan bí 45 ìṣẹ́jú àáyá kó tó wálẹ̀ ní 10 cm. Hóró 0.002 mm fi ìlọ́po 25 kéré sí i, nítorí náà ìlọ́po 625 ni yóò fi pẹ́ jù ú: nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ. Ẹ wo ìṣirò yìí dáadáa, ẹ máa rí àléébù ìdánwò wa. Ní wákàtí kejì, sílítì tó kúná jù lọ ṣì wà nínú omi, a ó sì kà á mọ́ amọ̀. Fún iṣẹ́ kíláàsì, ìyàtọ̀ náà ṣeé gbà. Ẹ kàn kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ yín.

Ká ní ìlà àkọ́kọ́ wà ní 4 cm, ìkejì ní 6.5 cm, ìkẹta ní 8 cm. Iyanrìn jẹ́ 4 nínú 8, ìyẹn ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Sílítì jẹ́ 2.5 nínú 8, nǹkan bí 31. Amọ̀ jẹ́ 1.5 nínú 8, nǹkan bí 19. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní lóòmù: iyanrìn inú rẹ̀ ń jẹ́ kí omi kọjá, amọ̀ inú rẹ̀ ò sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ.

Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ nìwọ̀nyí. Bí ọṣẹ bá hó jù, ìfóòfó á bo ojú omi. Kò ba nǹkan jẹ́, ìdí ìgò ni kí ẹ máa wò. Ewé tó léfòó kò sí nínú ìṣirò. Bí iyanrìn yín bá pọ̀ kọjá bí ọwọ́ ṣe rò ó, ó ṣeé ṣe kí ẹ má mì í tó: nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi ìka méjì rà á, iyanrìn tòótọ́ á máa ha yín lọ́wọ́, ògúlùtu á yọ́. Bí omi bá sì tòrò kedere kí wákàtí kan tó pé, bẹ́ẹ̀ erùpẹ̀ yín ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, omi yẹn ni ẹjọ́ kàn. Omi tí èròjà kálísíọ́ọ̀mù tàbí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń mú amọ̀ dì mọ́ra. Ẹ fi omi òjò tún un ṣe. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbi tí odò ti ń wọ òkun: iyọ̀ òkun á mú amọ̀ tí odò gbé wá dì, á rì, ó sì wà lára ohun tó ń kó ilẹ̀ jọ sí ẹnu odò. Ìpele mẹ́ta tó wà nínú ìgò yín náà, bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹrù ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, á di òkúta onípele.

Tí kò bá sí àyè fún ìgò, ẹ fi omi díẹ̀ po erùpẹ̀ kó rí bí amọ̀ ìkòkò, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò tì í jáde lórí ìka bí ọ̀já pẹlẹbẹ. Bí ọ̀já náà bá já kó tó gùn tó 2.5 cm, amọ̀ inú rẹ̀ ò pọ̀. Láàárín 2.5 sí 5 cm, ó wà ní ìwọ̀nba. Bí ó bá kọjá 5 cm, ilẹ̀ amọ̀ ni.

Wíwọn àlàfo fúnra rẹ̀

Ẹ gé orí àti ìdí agolo kan kúrò kí ó ṣí gbayawu lókè nísàlẹ̀ (ẹ jẹ́ kí olùkọ́ bá yín gé e, etí rẹ̀ mú). Ká ní ó fẹ̀ ní 7 cm láti etí dé etí, ó sì ga ní 10 cm. Inú rẹ̀ gba 3.14 × 3.5 × 3.5 × 10, ìyẹn 385 cm³.

Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó rin díẹ̀, ẹ gbé pákó lé e, ẹ fi òòlù gbá pákó náà díẹ̀díẹ̀ títí etí agolo yóò fi bá ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ má ṣe gbá a kọjá ibẹ̀, torí ẹ máa fún erùpẹ̀ pọ̀, àlàfo tí ẹ wá wọ̀n náà ni ẹ ó sì bàjẹ́. Ẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ki ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e jáde, kí ẹ gé ohun tó yọ kúrò. Ẹ da erùpẹ̀ náà sí abọ́, ẹ gbé e sínú ààrò tó gbóná dé 105°C fún wákàtí 24. Bí kò bá sí ààrò, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú oòrùn, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ títí ìwọ̀n rẹ̀ ò fi ní yí padà mọ́. Èyí tí oòrùn gbẹ ṣì máa ń ní omi díẹ̀ nínú, pàápàá ilẹ̀ amọ̀.

Ká ní ó wọ̀n 500 gíráàmù. 500 ÷ 385 jẹ́ 1.3. Èérún òkúta fúnra rẹ̀, láìsí àlàfo, máa ń wọ̀n nǹkan bí 2.65 gíráàmù fún cm³ kọ̀ọ̀kan. 1.3 ÷ 2.65 jẹ́ 0.49: ìdá 49 ni òkúta, ìdá 51 ni àlàfo. Ẹ wá lọ bu òmíràn lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ pa. Bí ìyẹn bá wọ̀n 620 gíráàmù, ìṣirò á fún yín ní 1.61, àlàfo rẹ̀ á sì jẹ́ ìdá 39. Ohun tó nù láàárín méjèèjì kì í ṣe erùpẹ̀. Ibùgbé ni, àti ọ̀nà omi. Nínú ilẹ̀ amọ̀, bí ìwọ̀n erùpẹ̀ fún cm³ kọ̀ọ̀kan bá ti ń sún mọ́ 1.5, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wàhálà; nínú ilẹ̀ iyanrìn, ó lè dé 1.8 kí ó tó dí i lọ́nà.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń yà lẹ́nu pé ilẹ̀ amọ̀ sábà máa ń ní àlàfo tó pọ̀ ju ti iyanrìn lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àlàfo amọ̀ tín-ín-rín, omi tó bá kó sínú rẹ̀ á lẹ̀ típẹ́típẹ́, gbòǹgbò ò sì ní rí gbogbo rẹ̀ fà. Bí àlàfo ṣe pọ̀ tó ṣe pàtàkì, bí ó ṣe fẹ̀ tó náà ṣe pàtàkì.

Báwo ni omi ṣe ń yára wọlẹ̀?

Ẹ wá òrùka irin tàbí páìpù tó fẹ̀ ní 15 cm, tó ga tó 12 cm. Ẹ gé koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má fà á tu. Ẹ gbá òrùka náà wọlẹ̀ ní 7 cm, ẹ fi ìka tẹ erùpẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ kí omi má bàa gba etí sá lọ. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀, ẹ da 442 mílílítà omi sórí ọ̀rá, kí ẹ wá rọra fa ọ̀rá náà jáde. Iye omi yẹn á ga ní 2.5 cm gẹ́lẹ́ nínú òrùka. Bí ẹ bá dà á sílẹ̀ láìlo ọ̀rá, omi á gbẹ́ ojú ilẹ̀, hóró kéékèèké á sì dí ojú àlàfo.

Ẹ ka ìṣẹ́jú títí omi yóò fi wọlẹ̀ tán. Ẹ tún da 442 mílílítà míì. Ìkejì yìí ni kí ẹ kọ sílẹ̀, torí ilẹ̀ tó gbẹ máa ń gbé ti àkọ́kọ́ mì kíákíá. Ẹ pín 150 sí iye ìṣẹ́jú náà: bí ó bá gba ìṣẹ́jú 10, ilẹ̀ yín ń gba 15 cm omi ní wákàtí kan, bí ó bá gba 60, 2.5 cm péré. Òjò tó bá yára ju iye yẹn lọ, àgbàrá ló máa dà. Ẹ má ṣe é níbi tí ilẹ̀ ti la, nítorí inú ojú ìlà ni omi máa sá gbà.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró, ẹ ju ògúlùtu gbígbẹ kan tó tó orí àtàǹpàkò sínú ife omi. Bí ó bá fọ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ohun tó so hóró rẹ̀ pọ̀ ò lágbára. Èyí tó bá dúró gbọin, oje ara kòkòrò àìfojúrí àti okùn olú tó kúná ju irun lọ ló máa ń so ó. Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn onílé.

Àwọn tó ń gbé inú àlàfo

Antonio Berlese, onímọ̀ kòkòrò ní Ítálì, ló gbé ọ̀nà tí a fi ń lé kòkòrò jáde nínú ilẹ̀ yìí kalẹ̀ ní 1905. Ẹ gé ìgò oníke lítà 2 ní ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lókè, ẹ dojú apá òkè náà délẹ̀ bí àrọ sínú apá ìsàlẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n ojú 2 sí 3 mm dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹ kó ewé tó ti ń jẹrà àti erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lé e lórí, kí ó nípọn tó 5 cm. Ẹ fi bébà tútù sí ìsàlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ tú wọn sílẹ̀ láàyè lẹ́yìn náà. Ẹ gbé gílóòbù wáàtì 25 sókè rẹ̀, kí ó jìnnà sí i ní nǹkan bí 10 cm, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 3 sí 5. Àwọn kòkòrò yìí ń sá fún ìmọ́lẹ̀, ooru àti gbígbẹ, nítorí náà wọ́n á máa lọ sísàlẹ̀ títí wọ́n á fi já bọ́.

Gílóòbù LED kì í gbóná tó. Ewé ò ní gbẹ, kò sí ohun tó máa jáde. Ti àtijọ́ tó ń gbóná ni kí ẹ lò, ṣùgbọ́n kó má kan ewé, kó má bàa gbiná. Bí ẹ bá gbé e sún mọ́ jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn kòkòrò á kú kí wọ́n tó rí ọ̀nà.

Ẹ fi awò amúǹkantóbi ka ẹsẹ̀ wọn. Mẹ́fà: èèrà, ikán, àti kòkòrò funfun tíntìntín tí ń ta pọ́n-ún bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Mẹ́jọ: aláǹtakùn àti máìtì, kòkòrò tíntìntín tó bá aláǹtakùn tan. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ rẹpẹtẹ pín sí méjì: ọ̀kùn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ní oríkèé ara kọ̀ọ̀kan, ewé òkú ló ń jẹ, èkejì tó pẹlẹbẹ tó sì ń sáré ní méjì péré ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, ó ń pa kòkòrò jẹ, ó sì lè bù yín jẹ, ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ fa ọfà láti ara ohun tí wọ́n jẹ lọ sára ẹni tó jẹ ẹ́. Ọfà náà ń tọ ọ̀nà tí agbára ń gbà. Ìdàkejì rẹ̀ jẹ́ àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìdánwò. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára ló máa ń kọjá láti ìpele kan dé èyí tó tẹ̀ lé e, ìdí nìyí tí apẹran fi máa ń kéré níye ju ajẹwé lọ.

Láti rí iṣẹ́ àwọn tí awò ò lè fi hàn, ẹ gé aṣọ òwú funfun 10 cm sí 10 cm, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní 15 cm fún ọ̀sẹ̀ 8, kí ẹ fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, kó gbẹ, kí ẹ tún un wọ̀n. Kí ó jẹ́ òwú pọ́ńbélé: pólíẹ́sítà ò ní jẹrà. Ẹ ri ọ̀kan sí ilẹ̀ tó rọ̀, ọ̀kan sí ibi tí omi ń dúró sí. Ti ibi olómi á jẹrà díẹ̀díẹ̀, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ nínú àlàfo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni igi inú àbàtà ní nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ṣe kọ̀ tí kò jẹrà tán, tó wá di èédú tí a ń wà nínú ilẹ̀.

Ìgò mẹ́ta, òjò kan

Ẹ la ẹ̀gbẹ́ ìgò oníke lítà 2 mẹ́ta, ẹ dùbúlẹ̀ wọn, ẹ rọ erùpẹ̀ kan náà sínú wọn, kí ó mọ díẹ̀ sí ẹnu ìgò. Ọ̀kan, ẹ gbin koríko sí i ní ọ̀sẹ̀ 3 ṣáájú. Èkejì, ẹ fi ewé gbígbẹ bò ó. Ìkẹta, ẹ fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹ gbé ìdí wọn sókè ní 5 cm, ẹ fi ife gbe ẹnu wọn. Ẹ fi agbè ìbomirin olójú wẹẹrẹ da 500 mílílítà sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òkè 30 cm. Ẹ wọn omi inú ife, ẹ jẹ́ kí ó silẹ̀, ẹ gbẹ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n.

Ti ìhòòhò ló máa ń rú jù. Ẹ̀kán òjò tó tóbi máa ń wálẹ̀ ní nǹkan bí mítà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kò bá rí ewé gbà á dúró, á fọ́ ògúlùtu, hóró kéékèèké á wọ inú àlàfo, ojú ilẹ̀ á dì bí èépá, omi tí ò rí ọ̀nà wọlé á sì wọ́ erùpẹ̀ lọ. Bí ìgò ìkejì àti ìkẹta bá jọra nínú iṣẹ́ yín, ẹ wo nǹkan mẹ́ta: bóyá ẹ dà á láti ìtòsí jù, tí ẹ̀kán rẹ̀ ò ní agbára, bóyá erùpẹ̀ ìgò kan ti rin ṣáájú ti èkejì, àti bóyá ewé náà fọ́n ká tí ojú ilẹ̀ ṣì hàn láàárín rẹ̀. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú erùpẹ̀ tuntun, nítorí èyí tó ti di èépá kò ní fún yín ní èsì kan náà lẹ́ẹ̀kejì.